Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ oko ní Kétu: ẹ jẹ́ ká wọn ọ̀nà ká tó gé irin

Sí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn tó wà níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mú iṣẹ́ ẹ̀rọ,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìwé kíkà. Jórinjórin ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí yín rárá, ẹ̀yin míì láàárín yín á ti gba iwájú ibẹ̀ kọjá lórí zém (alùpùpù akérò) láìmọye ìgbà, ẹ ó ti gbọ́ ariwo irin. Ǹ bá kàn wá bá yín nínú ọgbà ká jọ sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo fẹ́ káwọn jórinjórin ẹgbẹ́ mi ní Pobẹ̀, ní Sakété, ní Sábẹ̀ náà kà á, káwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ní fóònù kà á fún ìyá àti bàbá wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó wà láàárín oko àti àká ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ti rèmọ́kì, àpótí onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, tó yẹ kó máa gbé àgbàdo wa kọjá níbẹ̀. Àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ irúgbìn wà, ẹ ṣeun. Àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ wà, àwọn tó ń kó àpò tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ wá náà wà, gbogbo ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àgbàdo bá ti kúrò lára igi ẹ̀ títí tó fi dé àká, orí àwọn ìyá wa ló ń gbé e. Mi ò tíì rí ẹni tó jókòó ti ibẹ̀ yẹn tó ní òun máa yanjú ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ìyá mi àtàwọn àbúrò mi méjì ya àgbàdo oko wọn tán lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Oko yẹn wà níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń tán lọ tí ilẹ̀ dúdú apá Ọ̀họ̀rí ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ẹ ti débẹ̀ lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń sọ, amọ̀ yẹn máa ń di bàtà mú bí ìgbà tó ní eyín. Wọ́n kó àgbàdo jọ sábẹ́ igi, wọ́n da báàṣì (tapólì) bò ó, ọmọkùnrin kan tó ní tírísíkì ti ní òun ń bọ̀ wá kó o lọ́jọ́ kejì. Òjò wá rọ̀ mọ́jú. Tírísíkì dé ibi tí ilẹ̀ ti yí padà, táyà iwájú rì, ó yí yí yí, ó dúró síbẹ̀, àwọn èèyàn ló wá tì í jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni àgbàdo yẹn fi wà lábẹ́ báàṣì nínú oko. Lọ́jọ́ tí mo ráyè dé ibẹ̀ mo ki ọwọ́ bọ inú òkìtì yẹn, ó gbóná bí àyà ọmọ tí ibà ń ṣe. Àwọn ti òkè dáa lójú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń hù, àwọn kan ti bu, nǹkan bí àwọ̀ yẹ́lò tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé ti yọ lára wọn. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ ó ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ ohun tó ń hù lára àgbàdo yẹn jù mí lọ, ẹ mọ̀ pé májèlé tó ń jáde látara ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, kò gbọ́ iná, bí èèyàn fi ṣe ògì, bó fi ṣe ẹ̀kọ, yóò ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Torí náà nígbà tí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹrù gbígbé ni, ẹ má rò pé owó nìkan ni mò ń wò.

Ẹ tún wò ó báyìí. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́, èyí tí à ń ya ní oṣù keje sí oṣù kẹjọ, omi inú ẹ̀ máa ń tó ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá ń kúrò lóko, òmíràn ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ a gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ dé 13 kó tó lè pẹ́ ní ìpamọ́. Mo ṣe ìṣirò yìí lórí páálí nínú ṣọ́ọ̀bù: àgbàdo 100 kílò tí omi ẹ̀ jẹ́ ìdá 25, tó bá gbẹ dé 13, á ku nǹkan bíi kílò 86. Ìyẹn ni pé kílò 14 omi lásán ni ìyá mi ń gbé lórí nínú gbogbo 100 kílò tó gbé. Ẹni kan lè ní kí wọ́n kúkú gbẹ ẹ́ lóko kí wọ́n tó gbé e. Níbo? Nínú òjò? Pẹ̀lú olè tó ń ṣọ́ oko àti ewúrẹ́ tó ń jẹ kiri? Ilé ni wọ́n ti ń rí ojú tó o, ilé ni síméńtì wà, torí náà ó gbọ́dọ̀ tètè délé pẹ̀lú omi lára, ohun tó máa gbé e sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù tútù lòun ń gbé.

Láti oko yẹn dé ilé, kìlómítà 4 ni. Ẹ jẹ́ ká ní oko náà mú àpò 12 jáde, àpò 100 kílò, ìyẹn kílò 1200. Bí obìnrin bá ru 40 kílò lẹ́ẹ̀kan, ìrìn 30 nìyẹn, lílọ bíbọ̀ kìlómítà 8 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 240. Téèyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Kétu dé Porto-Novo tó tún fi ẹsẹ̀ padà, kò tíì rin tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kan ni mo ṣírò èyí, mi ò lè jẹun mọ́ lọ́sàn-án yẹn, torí gbogbo ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi àgbàdo yẹn san owó mi, mi ò jókòó ṣírò ẹ̀ rí.

Látìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rèmọ́kì. Mo ti ṣe mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún yín, torí ohun tí mo nílò lọ́dọ̀ yín, inú àṣìṣe wọn ló wà.

Àkọ́kọ́, alùpùpù ló ń fà á. Ọ̀pá irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ ni mo gbé sí àárín gbùngbùn àpótí, mo rò pé àárín ni ohun tó dọ́gba máa ń wà. A kó àpò mẹ́ta sí i. Bí wọ́n ṣe to àpò sí i, ẹrù fẹ́ẹ́ pọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, nígbà tí alùpùpù dé ẹsẹ̀ òkè kékeré kan, ìdí rèmọ́kì tẹ̀ sílẹ̀, ọrùn ẹ̀ gbé sókè, ó gbé ìdí alùpùpù dání, táyà ẹ̀yìn alùpùpù ò kan ilẹ̀ dáadáa mọ́, ọkùnrin tó ń gùn ún ṣubú. Ọlọ́run ló yọ ọ́, orúnkún nìkan ló bó. Ọ̀gá kan tó ti ń ṣe tírélà tipẹ́ ló wá jẹ́ kó yé mi pé ẹrù gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀ sí iwájú ọ̀pá yẹn, kí nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ẹ̀ jókòó lé ibi tí rèmọ́kì ti so mọ́ ohun tó ń fà á. Fún 300 kílò, ìyẹn jẹ́ 30 sí 45 kílò, bí ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó sẹ́yìn. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó délé àti ẹni tó ṣubú, ibi tí mo jó ọ̀pá kan mọ́ ló ti wá. Ta ló kọ́ àwa jórinjórin níyẹn? Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n? Ẹ lè fi chalk kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọgbọ̀n ọ̀gá mú un lọ sí ọgbọ̀n ṣọ́ọ̀bù.

Ìkejì, mo ti gbọ́n nípa ọ̀pá, ṣùgbọ́n táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi sí i torí òun ló wọ́n kéré jù. Lórí ilẹ̀ pupa tó gbẹ, ó sá bí ìgalà. Lórí ilẹ̀ dúdú, ó rì. Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé ìyá mi, pẹ̀lú ẹrù lórí, ń kọjá lórí ilẹ̀ kan náà, kì í rì bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ìwé onígun mẹ́rin kéékèèké tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, mo fi bírò yí ẹsẹ̀ ẹ̀ po, mo ka àwọn igun mẹ́rin inú ẹ̀. Ó jẹ́ 140 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, díẹ̀ ló lé. Ìyá mi jẹ́ 60 kílò, ẹrù 40, tó bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró gbogbo ẹ̀ jẹ́ 100 kílò lórí 140 yẹn, kò tiẹ̀ tó kílò 1 lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Táyà ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́ wọn níbẹ̀ pé agbára tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀ ò jìnnà sí agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀. Bí vulcanizer bá fẹ́ kílò 2 sí i, kílò 2 lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ló fi ń tẹ amọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ẹsẹ̀ ìyá mi! Torí náà rèmọ́kì tó gbé tọ́ọ̀nù 1 lórí táyà méjì tí afẹ́fẹ́ inú wọn jẹ́ kílò 2, táyà kọ̀ọ̀kan ń fi 250 sẹ̀ǹtímítà kan ilẹ̀. Tá a bá fẹ́ kó dín sí kílò 1, táyà gbọ́dọ̀ fẹ̀ débi tó fi máa kan ilẹ̀ ní 500. Ìyẹn lohun tí mò ń wá kiri báyìí, táyà gbòòrò gbòòrò tó lè gbé ẹrù láìfẹ́ ẹ le, tó sì ga, torí táyà tó bá ga kì í ya sínú gbogbo kòtò, ó ń gun orí wọn kọjá ni. Mo ti gbìyànjú táyà ọkọ̀ Peugeot 504 àtijọ́, ó dáa ju ti alùpùpù lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n èwo ló dáa jù? Èmi á kàn máa dán an wò lówó ara mi títí owó á fi tán. Ẹ̀yin ní ìwọ̀n, ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ohun tó máa fi ṣe mémúà, ìyẹn ìwé ìparí ẹ̀kọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Ní abúlé kan tí mo mọ̀, àwọn kan mú rèmọ́kì tuntun wá, ọ̀dà ẹ̀ ń dán, wọ́n pe èèyàn jọ, wọ́n ya fọ́tò. Mi ò ní dárúkọ wọn torí inúure ló gbé wọn dé ibẹ̀. Rèmọ́kì yẹn dáa, irin ẹ̀ ki ju èyí tí mò ń lò lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ọ̀nà oko lọ. Ọ̀nà oko abúlé yẹn, ẹni méjì ò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ onílẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ọ̀pẹ wà lápá òsì, ọlọ́kọ̀ kankan ò sì lè gé ẹ̀gẹ́ onílẹ̀ torí kó lè kọjá. Nígbà tí roulement ẹ̀, irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí, sì kú, a wá irú ẹ̀ dé Pobẹ̀, a wá a dé Porto-Novo, kò sí. Ó wà níbẹ̀ di òní, adìyẹ ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ará abúlé ń sọ pé àwọn ló kùnà, pé àwọn ò mọ̀ ọ́n lò. Wọn ò kùnà. Kò sẹ́ni tó mú téèpù lọ wọn ọ̀nà kí wọ́n tó gé irin.

Mo máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó náà o. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń kórè ń lọ, tírélà ńlá ń sá tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbàdo yíyín ń tú sínú ẹ̀ láìdúró, òmíràn ń gbé tọ́ọ̀nù 25 lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní irin lílọ́ ńlá kan tó máa ń yí tí á fi fa àgbàdo sókè dà á sínú kámíọ̀n. Ó wu ojú wò. Ṣùgbọ́n àgbàdo tiwọn ti kúrò lára ṣùkù kó tó dé inú tírélà, tiwa ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ṣùkù, ọ̀pọ̀ ìgbà pẹ̀lú èèpo, torí àwọn àgbà mọ̀ pé èèpo tó bo orí àgbàdo dáadáa ń dí kòkòrò lọ́wọ́ nínú àká. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ. Wóró àgbàdo tó kún àpótí tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1 máa ń wọn nǹkan bíi 720 kílò. Iye wóró kan náà, tó bá ṣì wà lára ṣùkù, á gba ìlọ́po méjì àyè yẹn, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ èèpo. Ẹni tó bá wá ṣe àpótí fún wóró, ó ti ṣe é kéré fún oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá ṣe àpótí gíga fún ṣùkù, tí wọ́n bá kó wóró kún un ní oṣù kejìlá, ọ̀pá á ká, táyà á bẹ́, torí ìwúwo á ti ju èyí tó rò lọ dáadáa.

Rèmọ́kì mi kẹta ni mo ti dán èyí wò. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ páànù tó nípọn, ògiri kúkúrú tí kò ga ju orúnkún lọ, ìyẹn fún àpò àti fún wóró. Lórí ògiri yẹn mo jó ihò kéékèèké mọ́ ọn tí mo lè ki irin bọ̀, tó bá di àsìkò òjò a ó gbé ògiri wáyà gíga lé e, a ó kó ṣùkù kún un, afẹ́fẹ́ á máa gba inú wáyà wọlé, torí náà bí ọ̀nà bá dí tí ẹrù bá sun orí rèmọ́kì mọ́jú, kò ní gbóná bíi ti abẹ́ báàṣì. Tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀ a ó yọ wáyà kúrò. Mo sì kun ìlà pupa kan sí ara ògiri, mo sọ fún wọn pé wóró ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yìí. Ó ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo ìyá mi délé lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n yà á. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé irin tí mo lò pọ̀ jù, òfìfo ẹ̀ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé nígbà tí mi ò mọ ibi tí agbára ń gbà kọjá lára irin, gbogbo ibi ni mo fi irin kún. Bí ẹnì kan nínú yín bá jókòó tì mí lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, bóyá a lè yọ ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo yẹn kúrò, ẹni tó ń fà á á sì rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ẹ gbàgbé, ìyẹn ni ẹni tó máa kó ẹrù sí i. Àwọn obìnrin ni. Àpò tá a ń lò lọ́jà jẹ́ 100 kílò, bẹ́ẹ̀ àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti sọ láti 1967 pé àgbàlagbà ọkùnrin ò gbọdọ̀ máa gbé ju 55 kílò lọ, tí obìnrin sì gbọ́dọ̀ dín sí i dáadáa. Bí pèpéle rèmọ́kì bá ga dé àyà, ọkùnrin méjì ni wọ́n máa wá háyà láti gbé e, owó tí rèmọ́kì fi pamọ́ á tún lọ. Ìyá mi fi ọwọ́ hàn mí ibi tó lè gbé agbọ̀n dé láìna ẹ̀yìn, ibi ìbàdí ni. Táyà ń bẹ̀ pé kí àpótí ga, ìyá mi ń bẹ̀ pé kó rẹlẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni ọgbọ́n yín ti máa ṣiṣẹ́. Èrò tèmi ni kí táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí dípò kí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ó tún máa fẹ̀, ọ̀nà ò sì fẹ̀. Mi ò tíì rí ojútùú.

Jíjá ẹrù sílẹ̀ náà ńkọ́? Mo fẹ́ kó jẹ́ pé a á kàn gbé iwájú àpótí sókè, kí wóró ṣàn jáde lẹ́yìn. Mo da wóró gbígbẹ sórí báàṣì títí ó fi di òkìtì, mo wọn gíga ẹ̀, 45 sẹ̀ǹtímítà, láti àárín dé etí ẹ̀ jẹ́ mítà 1, ọmọ mi tó wà ní lise (ilé ẹ̀kọ́ girama) bá mi wá bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, ó ní 24 digírì ni. Mo da àgbàdo tí kò tíì gbẹ, òkìtì tiẹ̀ dúró ṣánṣán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà ẹni tó bá fi àgbàdo gbígbẹ inú ṣọ́ọ̀bù dán àpótí ẹ̀ wò, ó ń tan ara ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tútù dán an wò, ẹ fi èyí tí ìdọ̀tí àti irun àgbàdo wà nínú ẹ̀ dán an wò, torí irú ẹ̀ ni yóò máa gbé.

Àti jíjò. Wóró àgbàdo pẹlẹbẹ, àlàfo tí ìka ọmọdé ò lè wọ̀, ó máa ń gba ibẹ̀ jáde, gbogbo bí rèmọ́kì ṣe ń gbọ̀n ló ń jáde sí i. Mo ti tẹ̀ lé rèmọ́kì mi lẹ́yìn rí tí mo ń ṣa wóró bí adìyẹ ní kìlómítà 4, ohun tí mo ṣà tó kóńgò kan ó sì lé. Rọ́bà inú táyà àtijọ́ ni mo gé tí mo fi lẹ etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dá a dúró. Kò wọ́n, ó wà ní gbogbo ibi.

Bíréèkì. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní kúkúrú, torí kò sí ohun tí à ń jiyàn sí níbẹ̀: rèmọ́kì tó bá gbé tọ́ọ̀nù kan gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀ àti ohun pupa tó ń tàn lẹ́yìn, torí ìgbà tí wọ́n bá jáde láti ọ̀nà oko sórí ọ̀dà Pobẹ̀ sí Kétu, ilẹ̀ ti ń ṣú, kámíọ̀n ń bọ̀ pẹ̀lú eré.

Mo mọ̀ pé a ò bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Ní Parakou, COBEMAG, ilé iṣẹ́ irinṣẹ́ oko, ti ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, àwọn àgbẹ̀ òwú àríwá sì ti lò ó dáadáa. Níhìn-ín ní gúúsù, a ò fi bẹ́ẹ̀ fi màlúù ṣiṣẹ́ oko, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé ti dá wọn lẹ́kun láyé àtijọ́, iṣẹ́ yẹn ò sì mọ́ àwọn èèyàn wa lára, torí náà kẹ̀kẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ò lè dé ibí kó ṣiṣẹ́. Songhai, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko tí Father Nzamujo dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1985 náà ń ṣe ẹ̀rọ oko, mo ti débẹ̀, mo rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń lò, inú mi dùn gan-an. Ohun tí mò ń wá ni ti Kétu, èyí tó mọ ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú, tó mọ oṣù kẹjọ.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n mú téèpù, kí wọ́n mú ìwọ̀n, kí wọ́n mú ìgò kan pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ nínú ẹ̀ (ẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n á da àgbàdo sí i wọ́n á mì í, bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo yẹn ṣì ju ìdá 15 lọ), kí wọ́n wá ní oṣù kẹjọ, kì í ṣe ní oṣù kejì tí gbogbo ọ̀nà ti le bíi síméńtì. Kí wọ́n wọn fífẹ̀ ọ̀nà láti oko dé ilé ní ibi mẹ́wàá. Kí wọ́n wọn bí táyà ṣe ń rì tó. Kí wọ́n ru agbọ̀n ìyá mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lílọ bíbọ̀. Lẹ́yìn náà ká jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, iná wà, irin wà, rèmọ́kì kẹta wà níbẹ̀ tá a lè tú palẹ̀.

Bá a bá sì ṣe é tó dáa, kí àwòrán ẹ̀ má wọ inú àpótí ìwé. Ẹ yà á sórí ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú Yorùbá àti Faransé, ohun tí jórinjórin tí kò ka ìwé púpọ̀ lè wò kó yé e: ọ̀pá jókòó síbí, irin báyìí nípọn tó báyìí, roulement irú èyí tó wà lọ́jà Kétu. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bèèrè owó. Àwọn ọmọ yín á gba ìwé ẹ̀rí wọn, èmi náà á kọ́ ohun tí mi ò mọ̀.

Àwọn tó bá máa wá, kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà gíga. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ìyá mi máa ń kúrò nílé, kì í dúró de ẹnì kankan, ó ti mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà yìí, ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀kọ gbígbóná wà.

Èmi ni tiyín,
jórinjórin kan, Kétu.